Àwọn Ọlọ́dẹ Orí Igi: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ọlọ́gbà Èso

 Àwọn tí ó pè mí wá síwájú Kábíyèsí àti ẹ̀yin ọlọ́gbà èso ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè fi kòkòrò bá kòkòrò jà nínú ọgbà èso, mo sì mọ̀ dájú pé nígbà tí a ka àkòrí náà sí yín létí, ẹnì kan níbìkan nínú gbọ̀ngàn yìí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí tí ó wà lára igi mi kò tíì tó, ọ̀gbẹ́ni yìí tún fẹ́ kó òmíràn wá bá mi." N kò bá onítọ̀hún jà. Èmi náà ti rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí, ọsàn ọdún méjì ni mo sì fi san owó rẹ̀.

Bàbá mi gbin ọsàn bí ogójì sí ẹ̀yìn abà wa ní apá Eruwa, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ó sì fi òfin kan lélẹ̀ lórí wọn tí ó le ju òfin Mósè lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iná kan ilé èèrà pupa tí ó wà lórí igi náà. Àwa ọmọ kò fẹ́ràn òfin yìí rárá, nítorí àwa ni à ń gun igi, àwa ni èèrà ń bù jẹ ní itan, ní ọrùn, àti ní ibi tí n kò lè dárúkọ níwájú Kábíyèsí, bí a bá sì sunkún lọ bá bàbá, a máa fi ẹ̀rín dá wa lóhùn pé, "Ọlọ́dẹ mi ni wọ́n. Ta ni ó rán yín gun igi nígbà tí oòrùn ti mú?" Òun fúnra rẹ̀ a máa ká ọsàn tirẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí òtútù ṣì mú èèrà lẹ́sẹ̀, a sì kọ́kọ́ fi eérú gbígbẹ pa apá àti ẹsẹ̀ títí dé orúnkún. Kò ṣàlàyé ohunkóhun fún wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ìgbà náà kì í ṣàlàyé. Ohun tí wọ́n mọ̀, ìwọ yóò rí i lọ́wọ́ wọn bí o bá ní ojú.

Nígbà tí ó papòdà tí ọgbà náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo ti kàwé, mo ti ń gba owó oṣù, mo sì ti pinnu nínú ara mi pé ọgbọ́n àtijọ́ ti bá àwọn ará àtijọ́ lọ. Mo di ògùṣọ̀, mo fi jó ilé èèrà mẹ́tàdínlógún láàárín òru méjì, mo gbé ẹ̀rọ ìfín-oògùn kọ́ ẹ̀yìn, mo sì fín igi wọ̀nyí láti orí dé ìdí. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ọgbà mi mọ́ bí àgbàlá ààfin. Mo ń gun igi, mo ń sọ̀ kalẹ̀, ohunkóhun kò bù mí jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀ tí igi sì rú ewé titun, ìdin kan tí n kò kà sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ewé náà mọ́ ọ̀pá: ní kékeré ó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ tí ó bọ́ sórí ewé, dúdú tí ó ní àmì funfun, tí ojú kò fi ní tètè rí i, nígbà tí ó dàgbà ó gba àwọ̀ ewé, bí mo bá sì fọwọ́ kàn án, a yọ ìwo rírọ̀ kan tí ó là sí méjì jáde ní ọrùn, òórùn rẹ̀ a sì lé mi sẹ́yìn. Ọmọ labalábá ńlá ni, ẹni dúdú oníyeyè tí gbogbo wa ń wò bí ohun ọ̀ṣọ́ nígbà tí ó bá ń fò lórí òdòdó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn kòkòrò alẹ̀mọ́gi dé, tí wọ́n bo ẹ̀ka bí èépá, tí omi ara wọn ń kán sórí ewé títí ewé fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fín wọn, wọ́n lọ. Wọ́n padà wá, wọ́n sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́. Ọdún méjì ni n kò rí ọsàn tí ó tó dì sí àpò kan.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Wọn kò sọ ìyókù, bóyá nítorí pé wọ́n rò pé ó yẹ kí ọmọlúàbí fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n, pé ẹni tí ń jẹ kòkòrò náà kò jìnnà sí ìdí ẹ̀fọ́ kan náà. Oògùn tí mo fín kò mọ olè yàtọ̀ sí ọlọ́dẹ. Ó pa àwọn méjèèjì ní òru kan ṣoṣo. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí a bá pa gbogbo olè àti gbogbo ọlọ́dẹ ìlú kan lóru, tí ẹrù sì wà ní ìsọ̀ síbẹ̀ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, ta ni yóò kọ́kọ́ wọ ìlú náà? Olè ni, nítorí ẹrù ni olè ń tẹ̀ lé, olè ni ọlọ́dẹ ń tẹ̀ lé. Kòkòrò tí ń jẹ ewé yóò bá ewé nílẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá dé. Èyí tí ń jẹ kòkòrò kò lè dúró níbi tí kò sí kòkòrò, nítorí náà kò lè ṣe kí ó má pẹ́ lẹ́yìn. Láàárín dídé èkínní àti dídé èkejì ni oko ti ń bàjẹ́, láàárín náà sì ni ọlọ́gbà ti ń tún ra ìgò oògùn mìíràn, tí ó ń pa ọlọ́dẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí bọ̀. Èyí ni àdììtú tí ó ń ná ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín lówó lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí a wo èèrà náà dáadáa. Oecophylla longinoda ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Nílẹ̀ wa orúkọ rẹ̀ ń yí padà láti ìlú dé ìlú, nítorí náà n óò máa pè é ní èèrà aránwé kí á lè gbọ́ ara wa yé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ó gbé àga lọ sí ìdí igi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí èèrà ń kọ́ ilé titun, kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ewé méjì bá jìnnà sí ara wọn ju bí apá èèrà kan ti tó lọ, èkínní yóò fi ẹnu di etí ewé mú, èkejì yóò di èkínní mú ní ìbàdí, ẹ̀kẹta yóò di ti èkejì, títí wọn yóò fi di ẹ̀wọ̀n alààyè tí ó so rọ̀ láàárín òfuurufú. Ẹ̀wọ̀n mìíràn yóò so lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn yóò sì tún so, gbogbo wọn yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí fà á díẹ̀díẹ̀ bí àwọn apẹja ti ń fa àwọ̀n sí èbúté, títí etí ewé kan yóò fi kan etí ewé kejì. Nígbà náà ni àwọn mìíràn yóò gbé ọmọ jáde láti inú ilé àtijọ́, ìdin funfun tí kò ní ẹsẹ̀ tí kò ní ojú. Wọn yóò fi ẹnu gbá a mú jẹ́jẹ́, wọn yóò fi orí rẹ̀ kan ewé apá ọ̀tún, wọn yóò gbé e kọjá kan ewé apá òsì, síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, bí ahunṣọ Ìsẹ́yìn ti ń ju ọ̀kọ̀ láàárín òwú, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ funfun yóò sì máa tú jáde lẹ́nu ọmọ náà tí yóò máa lẹ ewé mọ́ ewé. Òwú tí àwọn ọmọ èèrà mìíràn fi ń hun ibùsùn tí wọn yóò sùn sí kí wọ́n tó dàgbà, gbogbo rẹ̀ ni ti èèrà aránwé fi tọrẹ fún ìlú. Ìhòòhò ni òun fúnra rẹ̀ ń sùn.

Èèrà aránwé, ọmọ-ogun tí kì í gba owó oṣù, a-fi-ọmọ-ọwọ́-rán-ilé, kékeré tí ọ̀bọ kò gbọdọ̀ fẹ̀yìn ti igi rẹ̀, ọ̀kan kò tó ìkà, àpapọ̀ wọn kò ṣeé kà. Ayaba kan ṣoṣo lè ní ìlú tí ó gba igi mẹ́wàá, tí ilé ewé rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ a sì máa yí igi wọ̀nyí ká lọ́sàn-án lóru. Bí wọ́n bá bá àlejò pàdé, ìbáà jẹ́ ìdin, ìbáà jẹ́ kòkòrò tí ń fa omi èso, ẹnì kan yóò di ẹsẹ̀ kan mú, ẹlòmíràn yóò di òmíràn, wọn yóò nà án síhìn-ín sọ́hùn-ún bí awọ ìlù tí a kàn mọ́lẹ̀ sínú oòrùn, títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

Bí ẹ bá rò pé bàbá mi ni ó kọ́kọ́ mọ èyí, ẹ jẹ́ kí a rìn lọ sí gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà. Nínú ìwé kan nípa àwọn ewéko apá gúúsù, tí a gbà pé Ji Han kọ ní ọdún 304 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, a kà pé àwọn ará ibẹ̀ a máa ta èèrà lọ́jà nínú àpò tí a fi koríko hun, tòun ti ilé ewé rẹ̀ àti ẹ̀ka igi tí ilé náà so mọ́, àti pé igi ọsàn tí kò bá ní èèrà yìí, kòkòrò yóò ba èso rẹ̀ jẹ́ láìku ẹyọ kan. Ìbátan èèrà tiwa ni tiwọn, baba kan náà ni ó bí wọn, àwọn ará ibẹ̀ sì tún kọ́gbọ́n lẹ́yìn náà láti fi ọ̀pá oparun ṣe afárá láti igi dé igi kí èèrà má baà ní láti gba ilẹ̀ kọjá. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: àwọn ènìyàn kan ń ná owó lọ́jà láti ra ohun tí èmi fi ògùṣọ̀ jó.

Nítòsí wa níhìn-ín, ní agbègbè Parakou ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, àwọn onímọ̀ tí Paul Van Mele àti Jean-François Vayssières wà lára wọn wo ọgbà máńgòrò tí èèrà aránwé pọ̀ sí àti èyí tí kò pọ̀ sí, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2007: níbi tí èèrà pọ̀ sí, eṣinṣin èso kò ba máńgòrò jẹ́ tó ti ibi tí kò pọ̀ sí. Ẹ óò rántí eṣinṣin tí mò ń wí. A máa fi ìdí rẹ̀ gún èèpo máńgòrò, a yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀, èso náà yóò sì dára lójú títí ẹ óò fi là á tí ẹ óò bá ìdin tí ń fò láàárín rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú wọn, tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà wá, tí a kọ́kọ́ rí ní Kẹ́ńyà ní 2003, kò lò ju ọdún díẹ̀ lọ kí ó tó gba Áfíríkà láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, òun sì ni ó mú kí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù máa dá máńgòrò wa padà ní èbúté. Nǹkan tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìwádìí àwọn ará Parakou ni pé kò pọn dandan kí èèrà mú eṣinṣin náà. Òórùn tí èèrà fi sílẹ̀ lórí èso níbi tí ó ti rìn kọjá ti tó. Eṣinṣin yóò bà, yóò rìn yíká, yóò sì fò lọ wá ibòmíràn láti yé ẹyin sí. Ọlọ́dẹ tí ó ti lọ sùn, tí ipasẹ̀ rẹ̀ nìkan ń lé olè!

N kò ní pẹ́ lórí ti Amẹ́ríkà, nítorí pé gbogbo ìwé ni ó ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé fò dá. Kòkòrò funfun kan tí ó dà bí ẹni pé a lẹ òwú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti Ọsirélíà wọ Kalifọ́níà ní nǹkan bí ọdún 1868, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ ọsàn ibẹ̀ run. Wọ́n fi èéfín sun ún, wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, wọ́n gé igi, wọ́n dáná sun igi, kò gbọ́. Ní 1888 ni Charles Riley, olórí àwọn onímọ̀ kòkòrò ìjọba, rán Albert Koebele lọ sí Ọsirélíà láti béèrè ohun tí ó ń jẹ kòkòrò náà ní ìlú rẹ̀ tí kò fi rí ayè ṣe aburú níbẹ̀. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ohun tí ó rán padà kò ju kòkòrò kékeré róbótó mọ́kàndínláàádóje lọ, ẹlẹ́yìn líle, pupa tí ó ní àmì dúdú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vedalia. Wọ́n ta àgọ́ bo igi ọsàn kan ní Los Angeles, wọ́n tú wọn sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí àgọ́, kò sí kòkòrò òwú lórí igi náà mọ́. Láàárín ọdún kan, ọsàn tí agbègbè náà ń fi ọkọ̀ ojú irin rán jáde fò láti 700 ọkọ̀ sí 2,000. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ fi kún ìtàn náà ni pé nígbà tí oògùn DDT dé lẹ́yìn ogun Hitler, tí àwọn ọlọ́gbà Kalifọ́níà sì fi tayọ̀tayọ̀ fín in, Vedalia kú, kòkòrò òwú sì jíǹde láti inú isà òkú. Ọmọ bàbá kan náà ni èmi àti wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kan wá gbọ̀ngbọ̀n, tí àwọn tí irun wọn ti funfun nínú yín fi ojú rí, ni ti máńgòrò tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni kòkòrò kan yọ ní Tógò àti Gánà tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni tí ó jáde láti inú àpò ìyẹ̀fun, tí ó ń tò sí abẹ́ ewé máńgòrò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá náà yóò fi parí ó ti gba Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ó ti wọ ilẹ̀ wa. Ó ń mu omi ewé, ó ń tu omi dídùn sílẹ̀, omi náà ń kán sórí ewé ìsàlẹ̀, sórí òrùlé, sórí àga àwọn bàbá tí ń ta ayò lábẹ́ igi, èbu dúdú sì ń hù lórí rẹ̀. Igi máńgòrò tí ó jẹ́ àgbàlá gbogbo àdúgbò wá dúró bí opó tí ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kò so èso, ènìyàn kò sì lè jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà ń sọ pé iṣẹ́ ayé ni. Mo rí ibi tí wọ́n ti fi àáké wó igi tí bàbá bàbá wọn gbìn. N kò dá wọn lẹ́bi; bí a bá lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ta oògùn, wọn yóò tà fún wa, ṣùgbọ́n ta ni yóò fín igi tí ó ga ju ilé ìjọsìn lọ, ní àárín ìlú, níbi tí ọmọdé ń ṣeré?

Ní ọdún 1986 ni a fún kòkòrò náà ní orúkọ, Rastrococcus invadens, nígbà tí a sì mọ̀ pé ará Éṣíà ni, àwọn onímọ̀ béèrè ìbéèrè Riley lẹ́ẹ̀kan sí i: kí ni ń jẹ ẹ́ nílé? Ní Íńdíà ni wọ́n ti rí agbọ́n kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́, Gyranusoidea tebygi, tí kì í ta ènìyàn, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn wà láyé. Wọ́n dán an wò kí wọ́n lè mọ̀ pé kò ní kọjú sí ohun mìíràn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1987. Láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú un kárí, àwọn ará ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA tí olú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà nítòsí Kútọnu sì ṣe ipa tiwọn. Èmi fúnra mi ti já ewé máńgòrò, mo ti fi awò asọnǹkandi-ńlá wo abẹ́ rẹ̀. Agbọ́n náà yóò rìn dé ọ̀dọ̀ kòkòrò funfun, yóò fi ìwo orí rẹ̀ méjèèjì lù ú wò bí oníṣègùn ti ń fi ọwọ́ lu àyà aláìsàn, yóò yí padà, yóò gún un, yóò yé ẹyin kan sí i nínú, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kòkòrò náà kò ní kú lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò máa bọ́ àlejò inú rẹ̀ títí àlejò yóò fi jẹ ẹ́ tán, ara rẹ̀ yóò le, yóò sì dà bí àgbá kékeré tí a fi ọ̀dà kùn. Ní ọjọ́ kan, ihò róbótó kan yóò lu síbẹ̀, agbọ́n titun yóò sì fò jáde. Bí ẹ bá rí àgbá ara wọ̀nyẹn tí wọ́n ní ihò, ẹ mọ̀ pé ọlọ́dẹ wà nílé. Ẹ rọra gbé ẹ̀rọ oògùn yín sílẹ̀.

Aimé Bokonon-Ganta, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ohun tí iṣẹ́ agbọ́n yìí mú wá fún orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2002. Máńgòrò tí àwọn àgbẹ̀ ń ká fi ìdá 142 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Èrè tí yóò ti ibẹ̀ wá láàárín ogún ọdún tó 531 mílíọ̀nù dọ́là, owó tí gbogbo iṣẹ́ náà sì ná kò kọjá mílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Agbọ́n náà kò béèrè ilé, kò béèrè ìsinmi, kò sì sí ẹni tí ó ṣí ọ̀nà kí ó tó kọjá. Bí ó ti rékọjá ibodè láìní ìwé ìrìnnà, àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ń jẹ máńgòrò padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ ẹni tí wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní olónìí.

Ẹ má ṣe rò pé ìyìn nìkan ni mo gbé wá. Èèrà aránwé ní àléébù tirẹ̀. A máa sin àwọn kòkòrò alẹ̀mọ́gi kan bí darandaran ti ń sin màlúù, a máa lá omi dídùn ara wọn, a sì máa lé ẹni tí ìbá jẹ wọ́n. Nítorí náà, bí irú wọn bá pọ̀ jù lórí igi kan, ẹ gé ẹ̀ka tí ó kún jù, kí darandaran lè dín ẹran kù. A máa bu àwọn tí ń káso jẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń gba alágbàṣe yóò sì gbọ́ ìkùnsínú wọn kí ẹ tó rí owó ọjà. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo àlejò tí a fi pẹ̀lẹ́ mú wọ ìlú ni ó ń ṣe bí agbọ́n máńgòrò. Àwọn ará Ọsirélíà kan náà tí ó bí Vedalia kó ọ̀pọ̀lọ́ ńlá wọ Queensland ní 1935 kí ó lè máa jẹ kòkòrò oko ìrèké. Ọ̀pọ̀lọ́ náà wò yíká, ó rí i pé oúnjẹ wà nílẹ̀ tí kò ní wàhálà, kò fi bẹ́ẹ̀ ka kòkòrò ìrèké sí, ó ń pọ̀ sí i, oró ara rẹ̀ sì ń pa ẹran tí ó bá gbé e mì títí di òní. Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀lọ́ sọ́tọ̀ kò ṣòro: ẹlẹ́nu gbogbo ni. Agbọ́n máńgòrò ní oúnjẹ ẹyọ kan, bí oúnjẹ náà bá sì tán, òun náà yóò dín kù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú kòkòrò láti òkè òkun wá tà fún yín nínú ìgò, ẹ má gbà á. Iṣẹ́ àwọn tí wọ́n fi ọdún dán an wò ni. Ti ọlọ́dẹ tí ó ti wà lórí igi yín ni ẹ gbájú mọ́.

Bí igi yín bá ti ní èèrà aránwé, iṣẹ́ yín kéré: ẹ má jó wọn, ẹ fi ilé wọn sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gé ẹ̀ka, kí ẹ sì ta okùn láti igi dé igi kí wọ́n lè máa rìn lókè. Bí igi bá ṣófo, ẹ lè gé ilé wọn láti inú igbó ní òru tàbí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ dì í sínú àpò, kí ẹ gbé e lọ so mọ́ igi yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ṣìnà. Ìlú èèrà méjì kì í gbé ọgbà kan láìjà. Kí ẹ tó ta okùn láàárín igi méjì, ẹ mú èèrà mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti orí èkínní, ẹ jù wọ́n sí orí èkejì, ẹ dúró wò. Bí wọ́n bá fi ìwo orí kan ara wọn tí wọ́n sì kọjá, ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹ ta okùn yín. Bí wọ́n bá la ẹnu, tí wọ́n gbé ìdí sókè, tí wọ́n sì dì mọ́ ara wọn, ẹ tètè kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò fi ọ̀sẹ̀ pa ara wọn, igi yín yóò sì wà láìní alábòójútó. Máńgòrò tí ó bá já bọ́ tí ó ní ìdin, ẹ má fi sílẹ̀ nílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni eṣinṣin ọ̀la wà. Ní Hawaii wọ́n a máa kó o sínú àgọ́ tí a fi àwọ̀n dí: ojú àwọ̀n náà há mọ́ eṣinṣin, ṣùgbọ́n agbọ́n tín-ín-tín tí ó jáde láti inú ìdin eṣinṣin lè gba ibẹ̀ kọjá padà sí oko. Ẹni tí kò bá lè ṣe àgọ́, kí ó gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kí ó rì í. Bí oògùn bá sì di dandan, kí ó jẹ́ ti igi kan tí àrùn rẹ̀ le, kí ó má jẹ́ ìgbà tí òdòdó là tí oyin wà lórí igi.

Ó tó ọdún márùn-ún kí èèrà tó padà kún ọgbà bàbá mi. Láti ẹ̀bá odò ni mo ti lọ gé ilé wọn, ní alẹ́, pẹ̀lú eérú ní apá, mo sì ṣe àṣìṣe tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀: mo kó ìlú méjì sí igi mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, abẹ́ igi pọ́n rẹ́súrẹ́sú fún òkú èèrà. Ìlú tí ó ṣẹ́gun nínú wọn ni ó ń ṣọ́ ọsàn mi di òní.

Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Mo wò ó kí n tó wọlé: ilé èèrà mẹ́rin ni mo kà lórí rẹ̀, a ń rán ìkarùn-ún lọ́wọ́ ní ẹ̀ka tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹni tí ń tọ́jú àyíká sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun mú kẹrosíìnì wá. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró títí n óò fi parí ọ̀rọ̀ mi. Oòrùn kò tíì wọ̀. Bí Kábíyèsí bá gbà fún wa, ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ lọ wo bí wọ́n ti ń rán an. Ẹni tí kò bá wọ bàtà, kí ó dúró sẹ́yìn díẹ̀.